Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Mo Fẹ́ Kó Wó

Ẹ gbé àga yín sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Etí mi kò gbọ́ràn bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń bẹ níbẹ̀. Láti àná tí ẹ ti dé láti Ìlọrin àti Èkó ni ẹ ti ń ya fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ sì ń bi ara yín léèrè ohun tó dé tí ìyá àgbà yín fi máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń kọjá níwájú ilé náà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ní ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Orúkọ bàbá mi ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, inú sì ti ń bí mi nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilé tí a jókòó sí yìí. Búlọ́ọ̀kù ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ta ló kọ́ ọ? Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Bíríkìlà kan gun ọ̀kadà wá láti ibì kan, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tiwa, kò sí ilé kan ní ìlú yìí tí a kò mọ ẹni tó gun ògiri rẹ̀. A máa ń wo ilé, a ó ní, "Ọwọ́ lágbájá nìyí," bí ẹ̀yin ṣe ń mọ ohùn olórin nínú rédíò.

Ẹ̀ẹ̀rùn là ń kọ́lé. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ènìyàn létè, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin á gbẹ́ kòtò amọ̀, àwa obìnrin á pọnmi láti odò, omi yẹn kì í sì í tó láéláé. Ìró ẹsẹ̀ nínú amọ̀ ni mo máa ń gbọ́ títí di òní bí mo bá di ojú: fọ̀tọ̀, fọ̀tọ̀, fọ̀tọ̀, ogún ọkùnrin tó ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á fi ewé bo amọ̀ náà fún ọjọ́ díẹ̀ kó lè kan, wọ́n á tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ tó kan máa ń rùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ di imú nínú wa, òun ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣù ú ní ìṣù ńláńlá, tí wọ́n á máa jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ mọlémọlé, ẹni tó gun ògiri bí ẹni gun ẹṣin, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Pà! Á lù ú mọ́lẹ̀. Pà! Bó ti ń mọ ọ́n lọ ni yóò máa sún sẹ́yìn. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Bí ìpele náà bá ti yí ilé po, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ó di ọwọ́ oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun un títí á fi gbẹ, ẹni tó ni ilé ì báà lówó bí ọba.

Bàbá mi, Àjàyí, ni mọlémọlé tí wọ́n ń pè jù nígbà náà. Kò ga, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ẹ̀yìn àdá ló fi ń mọ̀ bóyá ògiri ti gbẹ. Á kàn án, á tẹ́tí. Bí ó bá dún "bù", á yí padà lọ sí oko rẹ̀, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí ó bá dún "kó", á ní kí wọ́n ju amọ̀ wá. Àwọn onílé máa ń bínú sí i, àmọ́ wọ́n máa ń padà dúpẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Rírà ògiri, ìyẹn ni pé kí a rẹ́ ojú rẹ̀ kó dán, wá jẹ́ ti obìnrin. Ìyá mi ló kọ́ mi. Erùpẹ̀ òkìtì ikán la máa kù, a ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, a ó sì fi omi tí a ti rẹ èèpo èso irúgbá sí pò ó. Omi yẹn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ la fi ń rà á, a ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ inú odò dán an títí á fi máa kọ mànà. Bí ọdún eégún Ẹpa bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo obìnrin ìlú ló máa ń tún ògiri rà. Áńgílíkà ni wá o, ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀ láti Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pin àti Ọ̀bọ̀-Ilé, ta ló fẹ́ kí àlejò bá ògiri òun ní ìhòòhò? Lọ́dún kan, mo ra ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti àárọ̀, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, ewúrẹ́ Ìyá Májẹ̀ẹ́lì ti rìn ín já láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láàárín. Bí ìrísí ikùn rẹ̀ ṣe rí nílẹ̀ náà nìyẹn títí a fi ṣe Kérésì. Àlejò tó bá ti wọlé, ìyá mi á ní kó kí ewúrẹ́ tó ti jókòó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ rín in tán, torí ibi tó kàn kò ní ẹ̀rín nínú.

Ọkùnrin kan wà tó ń kó obì lọ sí Ìlọrin. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé òun máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlú wa, a sì sọ ọ́ ní Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá. Bàbá mi ló pè. Inú bàbá mi dùn sí ilé yẹn ju bí inú ẹni tó ni ín ṣe dùn lọ, òun ló fi okùn wọn ẹsẹ̀ ilé, òun ló ṣa igi àjà. Ṣùgbọ́n Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun kan ní Odò-Ọwá náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ní dandan, kí Àjíǹde tó dé, òun gbọ́dọ̀ jẹun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ti dé òkè nígbà náà, ó ku ìpele mélòó kan.

Ọ̀sán ni. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ti lọ jẹun lábẹ́ igi. Nínú àwọn tó ń ṣọ̀wẹ̀, èmi àti ìyá mi ló kù, a ń da omi sínú kòtò amọ̀. Mo ti dàgbà, mo ti tó ẹni tí wọ́n ń tọrọ. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró, ó ń wo bàbá mi bó ti fi ẹ̀yìn àdá kan ògiri òkè. Bù.

Ó ní, "Éè tíì gbẹ, baba. Ẹ fún un l'ọjọ́ mẹ́rin sí i."

Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, "Ulé mi éè níí dúró de oòrùn rẹ. Gun un."

"Baba, yóò wó."

"Ọ̀lẹ ni ọ́ ni? Bí o bá bẹ̀rù, mo máa ránṣẹ́ sí Ọ̀bọ̀-Ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí mọlémọlé gidi wá parí rẹ̀."

Bàbá mi wo ilé náà lókè-nílẹ̀. Kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn parí rẹ̀. Ó gun un. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó mọ́ yín lójú. Àwọn ọlọ́wẹ̀ padà dé láìgbọ́ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ń ju amọ̀ sí i, ó sì mọ ọ́n kọjá ìdajì ògiri náà. Nígbà tó yá, ìpele tó tutù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde bí ikùn, apá kan rẹ̀ já, bàbá mi sì bá a lọ sílẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé Àjàyí ti mu ẹmu yó kó tó gun ògiri. Bàbá mi, tí kò fi ẹmu kan ètè láti ọjọ́ tó ti ṣe ìrìbọmi! Ìyá mi figbe ta, wọ́n ní kí ni ìyàwó máa sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ fọ ẹnu mi. Mọlémọlé míì wá láti Ọ̀bọ̀-Ilé, ó dí ibi tó já, àwọn obìnrin ilé Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì rà á pa, wọ́n sì jẹun lókè. Ẹnikẹ́ni kò pe bàbá mi sí iṣẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Agbọ̀n ló ń hun lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́mu ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ gan-an, ẹnì kan tó wá bá wa kẹ́dùn ní, "Ó mà ṣe o, Ẹlẹ́mu náà lọ." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wó lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo bẹ̀ ẹ́ nínú òjò. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ilé náà kò wó. Àwọn ilé tó dára jù ú lọ ló ń wó. Àwọn ọmọ ìlú lọ sí Àbújá, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń fọ́ ilé amọ̀ bàbá wọn láti fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀. Ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn tí a ti ń ṣeré, ilé tí òjò ń rọ̀ sí àárín rẹ̀ tí a ti ń gbe omi òjò, gbogbo rẹ̀ lọ. Ìgbà tó wá ku díẹ̀ ni ojú wọn là, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá fìlà, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Wọ́n ní àwọn máa tọ́jú ilé míṣọ́ọ̀nù, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ta ni alága? Sámúẹ́lì, àbíkẹ́yìn Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Wọ́n wá bá mi lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, òun àti Dúpẹ́, ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa ilé yíyà, tó jẹ́ akọ̀wé wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú mi. Sámúẹ́lì ka ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sí pátákó iwájú ilé náà: pé bàbá òun ló fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ọ.

Mo ní, "Ta ló gun ògiri rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, wọ́n ní bàbá kan ni, ọ̀mùtí. Díẹ̀ ló kù kó wó ilé náà pa wá."

Kò mọ̀ pé bàbá mi ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò mọ̀. Bí irọ́ náà ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó nìyẹn. Mo fẹ́ ju ife tí mo mú dání lù ú. Dúpẹ́ tún bi mí pé, "Màmá, kí ni ẹ fi ń ra ògiri nígbà yẹn?" Kí n tó la ẹnu, Sámúẹ́lì ti dá a lóhùn, ó ní sìmẹ́ńtì ni àwọn máa lò, sìmẹ́ńtì ló lágbára.

Mo pa ẹnu mi mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ra ògiri rí ló mọ̀ pé amọ̀ ń mí. Bí o bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ. Mo jẹ bisikíìtì tí wọ́n mú wá, mo ṣàdúrà fún wọn, mo sì ń dúró de òjò.

Òjò dé. Ní ọdún àkọ́kọ́, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo ògiri náà kàn ń sán ni. Ní ọdún kejì, nínú òjò oṣù kẹsàn-án, ojú ògiri náà ya lulẹ̀ gbàragàdà, ó kó ìrà àtijọ́ dání. Wọ́n wá sọ fún mi. Mo ró ìró tí mo fi ń lọ sí ìdúpẹ́, mo gbé àpótí ìjókòó lọ sí ìdojúkọ ilé náà, mo sì jókòó wò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Mo ṣì lọ jẹ oúnjẹ Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò pẹ́ tí Dúpẹ́ dé, ó kúnlẹ̀. Sámúẹ́lì jókòó sínú mọ́tò. Ọmọ náà ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ló kù tó mọ ìrà àtijọ́. Bí a kò bá rà á kí òjò míì tó dé, gbogbo ògiri náà máa lọ."

Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà èwe mi rèé! Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ara mi kò yá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wo ìyà tó ń jẹ ilé náà láti ìtòsí, mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Mo ní kó mú mi lọ.

Wọ́n ti so àkàbà mọ́ ara ògiri pẹ̀lú pákó tó fẹ̀. Dúpẹ́ di ìbàdí mi mú, a gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ní ìpele òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dí, amọ̀ tí ìrà ti bò látọjọ́ náà wà ní gbangba. Ó wú jáde. Lára rẹ̀ sì ni ipa gìgísẹ̀ ènìyàn wà, tó rì wọnú ògiri. Ọ̀kan. Òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn. Méje ni, bàbá mi ló ń sún sẹ́yìn bó ti ń mọlé lọ. Ìwọ̀n ìka ọwọ́ mi tí mo nà ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kò sí èyí tó yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sínú èyí tó kẹ́yìn. Mo sunkún bí ọmọ tuntun. Dúpẹ́ rò pé òòyì ló ń kọ́ mi.

Mo ní kó pe Sámúẹ́lì, kó pe àwọn àgbà àdúgbò, kó pe alùfáà, kó pe gbogbo ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú fìlà wọn. Mo ní bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù, n kò ní rà á. Wọ́n pé sí iwájú ilé náà. Mo ní kí Sámúẹ́lì bọ́ bàtà.

"Màmá, bàtà ńkọ́?"

"Bọ́ ọ. Fi gìgísẹ̀ rẹ lu ògiri bàbá rẹ."

Ó lù ú. Ògiri ti gbẹ, kò gba nǹkan kan, òun gan-an ló di ẹsẹ̀ mú. Mo ní kí wọ́n gbé amọ̀ tútù wá, kí wọ́n tò ó sórí òkúta. Mo ní kó fi gìgísẹ̀ lu ìyẹn. Ó rì.

Mo ní, "Gun àkàbà, kí o wo ara ògiri rẹ." Ó gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo bi í lójú gbogbo wọn pé, "Ọjọ́ tí mọlémọlé gun ògiri yẹn, ṣé ó ti gbẹ ni àbí ó tutù?"

"Ó tutù, Màmá."

"Ta ló ni ilé? Ta ló lè ní kí wọ́n gun ògiri tútù?"

Àwọn àgbà ń wò ó. Ó tẹrí ba, ó ní, "Bàbá mi ni."

"Ẹsẹ̀ ọ̀mùtí ni o rí lókè yẹn bí?"

"Rárá, Màmá. Ó tò gọọrọ."

Mo ní, "Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Èmi ni ọmọ rẹ̀." Sámúẹ́lì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀. N kò ní kó dìde kíákíá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ti bàbá mi kàn pẹ́ lọ́nà ni.

Mo rà á. Èmi àti Dúpẹ́ àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí wọ́n kórìíra ìgbẹ́ màlúù bí ikú, a rà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n má fi ọwọ́ kàn: ibi gìgísẹ̀ méje náà. Wọ́n fi páànù kékeré ṣe ìbòòji lé e lórí, kí òjò má dé ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé Àjàyí ló mọ ilé náà, pé ẹni tó ni ín kò jẹ́ kí ògiri gbẹ, pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mọlémọlé. Èmi ni mo sọ ọ́, Dúpẹ́ ló kọ ọ́, n kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ní báyìí, gbogbo ọdún ni Sámúẹ́lì ń wá sọ́dọ̀ mi. "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń kà á. Ẹ jẹ́ ká bo ibẹ̀." Alùfáà náà ti fi ìdáríjì wàásù lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mi ló sì ń wò. Mo sọ fún un pé mo ti dárí ji Sámúẹ́lì. Ti bàbá rẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Èmi ò lè dárí jì í lórúkọ ẹni tó fi agbọ̀n híhun pa ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo ti fi ọjọ́ ayé mi bẹ Ọlọ́run pé kí ilé yẹn wó. Ní báyìí, bí òjò bá ti ń ṣú, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má wó. Kó dúró. Kó pẹ́ ju ilé tèmi lọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá dúró, ìtìjú Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gbé lókè ilé rẹ̀ nìyẹn, níbi tó ti fẹ́ jẹun.

Nítorí náà ni mo fi pè yín. Lọ́la, gbogbo yín máa bá mi lọ kó ìgbẹ́ màlúù, ọkùnrin àti obìnrin, ẹ máa kọ́ ìrà náà. Bí mo bá kú, Sámúẹ́lì á tọ̀ yín wá, òun tàbí ọmọ rẹ̀. Á kó iṣu wá, á sunkún, á ní ìyá àgbà yín ti sùn, kí ọ̀rọ̀ náà bá a sùn. Ẹ gba iṣu náà. Ẹ gún un, ẹ jẹ ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá lọ ra ògiri rẹ̀ fún un, kí ẹ má sì bo ẹsẹ̀ bàbá mi.